Antivirus wo ni ká rà sórí kọ̀ǹpútà ilé wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. A ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan fún àwọn ọmọ wa méjì tó wà ní girama, èmi náà sì ń fi ṣe àkọsílẹ̀ ọjà àti gbèsè ṣọ́ọ̀bù mi. Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Ẹni tó tà á fún wa ní ká wá san owó díẹ̀ kí òun bá wa fi antivirus tí wọ́n ti crack, ìyẹn èyí tí wọ́n ti já kéèyàn lè lò ó láìra á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, sí i. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní ká má dá a lóhùn, pé Norton ni ká rà. Àbúrò ọkọ mi ní ká kúkú fi méjì sí i kó lè lágbára. Níbi tá a ti ń rò ó, ọmọ wa gbé flash lọ sí ilé ìtẹ̀wé láti tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ jáde. Nígbà tó fi máa padà délé, gbogbo fódà inú flash náà ti di shortcut. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká rà nínú gbogbo ẹ̀? Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ sì kú àbójútó àwọn ọmọ.

Ẹ má tíì ra ìkankan. Antivirus, ìyẹn ètò tó ń gbógun ti kòkòrò (virus) inú kọ̀ǹpútà, tó máa tó ilé yín ti wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbé e wálé. Microsoft Defender lorúkọ rẹ̀. Àtinú Windows 10 àti 11 ló ti ń wá, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lé e, kò sì ní sọ lẹ́yìn ọdún kan pé owó yín ti tán. Ohun tó kù ni kẹ́ ẹ rí i dájú pé ẹnikẹ́ni ò tíì pa á, pé ó ń gba àmúdójúìwọ̀n (update), àti pé Windows fúnra rẹ̀ kò tíì kọjá ọjọ́. Tí owó bá wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ ná lórí ààbò, ibi tó yẹ kó lọ wà, màá sọ ọ́ tó bá yá.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi Windows bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ibẹ̀ kọjá. Ẹ di bọ́tìnì Windows mú lára kíbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ lẹ́tà R mọ́ ọn, ẹ kọ winver síbi tó bá ṣí, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Á fi irú Windows tó wà lórí rẹ̀ hàn yín. Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 7 láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020, ti Windows 8.1 parí ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2023, ti Windows 10 tiyín náà sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Wọ́n ṣe ètò àfikún kan fún àwọn tó ń lo Windows 10 nílé, tó gbé àtúnṣe ààbò dé ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Inú Settings, lójú Windows Update, lẹ ti máa rí ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún un. Ojú ibẹ̀ kan náà ló ti máa sọ fún yín bóyá kọ̀ǹpútà náà lè gba Windows 11. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tó wà lọ́jà ò lè gbà á, torí processor Intel (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ti ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 ń béèrè. Tí tiyín bá wà lára wọn, ẹ lè ní kẹ́ni tó tà á fún yín gbà á padà, kẹ́ ẹ fi owó díẹ̀ kún un gba èyí tó lè gbé Windows 11.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan antivirus nínú ìyẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry jà káàkiri ayé. Ó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba débi tí wọ́n fi ń dá aláìsàn padà lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀, Microsoft ti gbé àtúnṣe tó dí ihò tó gbà wọlé jáde láti oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà. Àwọn tí kò jẹ́ kí Windows wọn gba àtúnṣe ni ọ̀ràn náà dé bá jù.

Ó wá kan Defender. Ẹ tẹ Start, ẹ kọ Windows Security, kẹ́ ẹ ṣí i. Ẹ wọ Virus & threat protection, kẹ́ ẹ tẹ Manage settings. Real-time protection gbọ́dọ̀ wà ní On, Tamper Protection náà gbọ́dọ̀ wà ní On. Ẹ wá rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ Exclusions sí, ẹ tẹ Add or remove exclusions. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò jù lọ. Àwọn fódà tí wọ́n ti sọ fún Defender pé kó má yẹ̀ wò ló ń wà níbẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà ilé, ó yẹ kó ṣófo. Nínú tòkunbọ̀, mo ti bá C:\ níbẹ̀ rí, ìyẹn gbogbo inú kọ̀ǹpútà látòkèdélẹ̀. Ẹni tó fi Windows sí i ló lo ètò tí wọ́n fi ń ṣí Windows láìsanwó, Defender ń pariwo lé ètò náà lórí, ló bá ní kó di ojú. Lójú ẹni tó ń lò ó, àmì aláwọ̀ ewé ṣì ń hàn pé gbogbo nǹkan dáa, àmọ́ Defender ò wo ohunkóhun. Tẹ́ ẹ bá bá nǹkan níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Remove.

Dátà ni ohun kejì tó ń kó bá Defender lọ́dọ̀ wa. Hotspot fóònù lọ̀pọ̀ ilé fi ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kí dátà má bàa tètè tán, wọ́n á tan Metered connection, èyí tó ń dín dátà tí Windows ń fà kù. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí Defender wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìmọ kòkòrò tuntun tó jáde. Ẹ padà sójú Virus & threat protection, ẹ wo ibi Protection updates. Ọjọ́ tó gbà á kẹ́yìn wà níbẹ̀. Tó bá ti lé ní bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tẹ Check for updates fúnra yín. Lẹ́yìn ìyẹn, lálẹ́ ọjọ́ tí iná bá wà, ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ wọ Scan options, ẹ yan Full scan, kẹ́ ẹ máa lọ sùn. Torí pé tòkunbọ̀ ni, tí ẹ ò sì mọ ọwọ́ tó ti là kọjá, ẹ tún ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Microsoft Defender Antivirus offline scan níbẹ̀ kan náà. Á pa kọ̀ǹpútà, á tún un tàn, á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí Windows tó jí dáadáa, nígbà tí kòkòrò tó sá pamọ́ ò tíì ráyè lúgọ. Kì í ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ẹni tó fẹ́ fi antivirus tí wọ́n ti crack sí i fún yín, ẹ sọ fún un pé rárá. Kò séyìí tí mo tẹnu mọ́ tó yìí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Antivirus ń ṣí gbogbo fáìlì yín wò, kò sì sí ibi tí kò lè dé nínú kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n tó lè crack ẹ̀, ẹnì kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí ti ṣí inú rẹ̀, ó ti tún un ṣe bó ṣe wù ú. Bí ìgbà téèyàn gba ọlọ́dẹ tí kò mọ ẹni tó rán an wá ló rí, tó wá kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́. Ẹ tún wo ìlànà tí wọ́n ń kọ mọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀: pa antivirus rẹ kó o tó fi èyí sí i. Ohun tó ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ pa ẹ̀ṣọ́ kí òun tó wọlé, ẹ má ṣí i. Yàtọ̀ síyẹn, ilé iṣẹ́ tó ni antivirus náà máa ń rí nọ́ńbà ìyọ̀ǹda (license key) tí wọ́n jí lò, wọ́n á pa á, àmúdójúìwọ̀n á sì dúró.

Àbúrò ọkọ yín rò ó sí rere, àmọ́ antivirus méjì kì í gbé pọ̀. Fáìlì kan náà ni àwọn méjèèjì á fẹ́ dì mú, kọ̀ǹpútà á máa wọ́, ọ̀kan sì lè mú fáìlì èkejì ní olè. Defender mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tẹ́ ẹ bá fi òmíràn sí i. Èyí tó lè wà pẹ̀lú rẹ̀ láìsí ìjà ni Malwarebytes ọ̀fẹ́, torí òun kì í ṣọ́nà, ìgbà tẹ́ ẹ bá pè é ló ń yẹ inú wò.

Ẹ̀gbọ́n yín náà ò ṣìnà. Norton ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ kan náà, Gen Digital, ló ni Norton, Avast, AVG àti Avira báyìí. Ẹni tó ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti mú ọ̀kan, abẹ́ òrùlé kan náà ló ṣì wà. Ọ̀fẹ́ náà sì ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn nígbà míì: lọ́dún 2024, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ní kí Avast san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, torí wọ́n ń ta àkọsílẹ̀ ibi táwọn oníbàárà wọn ń wọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó mọ iṣẹ́, ẹ wo èsì ìdánwò AV-TEST ní Magdeburg nílẹ̀ Jámánì, tàbí ti AV-Comparatives ní Innsbruck nílẹ̀ Austria. Ẹ máa rí Defender láàárín àwọn tí wọ́n ń fowó rà.

Ìgbà témi máa ní kéèyàn sanwó ni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti fóònù tó pọ̀ nílé tó fẹ́ máa ṣọ́ láti ojú kan. Kẹ́ ẹ wá ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀: owó ọdún àkọ́kọ́ máa ń wálẹ̀, tọdún kejì á fò sókè, wọ́n á sì gé e lórí káàdì yín fúnra wọn, ní dọ́là.

Ọ̀rọ̀ flash wá ńkọ́? Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó fọkàn balẹ̀, ó ṣeé ṣe dáadáa kí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kòkòrò yẹn kì í sábà pa fáìlì rẹ́, ṣe ló ń gbé wọn pa mọ́, tó ń fi shortcut tó ń jẹ́ orúkọ kan náà rọ́pò wọn. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ọfà kékeré kan wà ní igun àwòrán rẹ̀ nísàlẹ̀. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, kòkòrò náà á ṣiṣẹ́ tirẹ̀, á sì ṣí fódà gidi síwájú onítọ̀hún kó má bàa fura. Láti ìgbà yẹn, flash yòówù tí wọ́n bá kì bọ kọ̀ǹpútà náà á kó o. Bó ṣe ń rìn láti ilé ìtẹ̀wé dé iléèwé, dé ilé, nìyẹn.

Ẹ ki flash náà bọ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tún Defender ṣe, ẹ má sì tẹ shortcut kankan. Ẹ ṣí This PC, ẹ fi apá ọ̀tún máúsì tẹ flash náà, ẹ yan Scan with Microsoft Defender. Tó bá parí, ẹ lọ síbi View, ẹ fi àmì sí Hidden items àti File name extensions. Bí àwọn fódà ò bá tíì yọjú, ẹ wọ Options níbẹ̀, ẹ lọ sójú View tó wà nínú rẹ̀, ẹ yọ àmì iwájú Hide protected operating system files. Wọ́n á hàn, àwọ̀ wọn á ṣá díẹ̀. Nígbà míì, inú fódà kan tí kò lórúkọ rárá ni gbogbo wọn wà. Iṣẹ́ gidi nìkan ni kẹ́ ẹ dà kọ: Word, PDF, àwòrán. Àwọn shortcut, àti ohun tó bá parí sí .vbs, .js tàbí .exe, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe Format flash náà, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ sì dá àmì tẹ́ ẹ yọ padà. Látìgbà yìí lọ, kí àwọn ọmọ fi í-meèlì ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, tàbí kí flash kan wà lọ́tọ̀ fún títẹ̀wé tí kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀.

Antivirus ò ní lè ran ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ ka nọ́ńbà OTP fún ẹni tó pè é pé báǹkì lòun ti ń pè. Ẹ bá àwọn ọmọ sọ ìyẹn.

Ibi tí mo sọ pé ó yẹ kí owó lọ nìyí: ẹ ra hard disk ìta kan, kẹ́ ẹ máa da àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù àti iṣẹ́ àwọn ọmọ kọ sí i. Gbàrà tẹ́ ẹ bá dà á kọ tán, ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, torí irú kòkòrò bíi WannaCry máa ń ti ohunkóhun tó bá bá lára rẹ̀ pa. Fáìlì tó ṣe pàtàkì jù, ẹ tún fi ẹ̀dà rẹ̀ sórí OneDrive tàbí Google Drive, ọ̀fẹ́ wọn á tó yín fún ìwé gbèsè. Ẹ mú alẹ́ ọjọ́ kan tẹ́ ẹ máa ń ṣírò ọjà ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ máa ṣe é lálẹ́ yẹn. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.