Ṣé òkòtó ni «spin» ẹ̀lẹ́ktrọ́nì?

Àbúrò, o ní olùkọ́ yín sọ pé spin, ìyẹn ànímọ́ àbímọ́ tó ń sọ ẹ̀lẹ́ktrọ́nì, èérún tíntín inú átọ́mù, di òòfà kékeré, dà bí òkòtó tó ń pòòyì, o wá ń béèrè bóyá òótọ́ ni. Rárá o! Àlàyé yẹn ti sú mi í gbọ́. Àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni òkòtó fi ń pòòyì, ṣùgbọ́n ta ló tíì ta òkòtó rí nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ṣe àpèjúwe? Àwa tá a ta á lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ̀ pé bó ti wù kó yára tó, yóò rẹ̀ ẹ́, á máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, á ṣubú. Spin kì í rẹ̀. Lọ́dún 1925 tí àwọn onímọ̀ físíìsì Uhlenbeck àti Goudsmit mú ọ̀rọ̀ náà wá, Lorentz, àgbà nínú ìmọ̀ náà, ṣírò rẹ̀ fún wọn pé bó bá jẹ́ pé ẹ̀lẹ́ktrọ́nì ń yí lóòótọ́, ara rẹ̀ yóò máa sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Orúkọ nìkan ló kù.

Bó o bá fẹ́ mọ bí spin ṣe rí, owó ẹyọ ni kó o wò. Dà á sílẹ̀: bí kò bá ṣíjú sókè, á dojú dé. Kò sí ẹ̀kẹta. Ohun tí Stern àti Gerlach, onímọ̀ físíìsì méjì, rí ní Frankfurt lọ́dún 1922 nìyẹn, nígbà tí wọ́n rán átọ́mù fàdákà gba àárín òòfà kọjá, tí ó pín sí ọ̀nà méjì péré.

Wàyí o, gbé e wá sórí àwọn ohun tó fẹ́lẹ́ jù láyé. Lọ́dún 2017 àwọn onímọ̀ bó chromium triiodide, kírísítálì kan tó ní awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé tí a tò léra, títí ó fi ku awẹ́ kan ṣoṣo. Bí òtútù bá ti kọjá -228 °C, gbogbo owó ẹyọ inú awẹ́ náà á kọjú síbì kan, awẹ́ ọ̀hún á di òòfà. Gbé awẹ́ kejì lé e: ti òkè ṣíjú, ti ìsàlẹ̀ dojú dé, agbára wọn pa ara wọn rẹ́. Fi ẹ̀kẹta kún un, òòfà tún dé. Òkòtó wo ló lè ṣàlàyé ìyẹn fún mi?

Ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mìíràn ni graphene, awẹ́ kábọ́ọ̀nù tí kò nípọn ju átọ́mù kan lọ. Èyí tí àwọn onímọ̀ físíìsì Geim àti Novoselov fi sẹ́lótéèpù bó ní Manchester lọ́dún 2004, láti ara ohun dúdú inú pẹ́ńsù, kì í ṣe òòfà ní tirẹ̀. Ọ̀nà tó tẹ́jú ni: spin lè rìn jìnnà nínú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó yí.

Ó dùn mí pé orí irun nìkan lẹ ti ń rí owó ẹyọ báyìí. Wá mẹ́ta lọ́dọ̀ ìyá àgbà, kó o tò ó léra níwájú olùkọ́ yín.