Owó kékeré níwájú kántà méékọ́ọ̀pù

Ẹ kú ìbéèrè, arábìnrin mi. Ẹ ní ìdána ẹ̀gbọ́n yín ń bọ̀ l'Adó-Èkìtì, iye tí oníméékọ́ọ̀pù tó ń wá sílé ń béèrè sì ti ju agbára yín lọ. Ẹ wá ń bi wá pé ṣé ẹ lè lọ jókòó síwájú kántà àwọn tó ń ta nǹkan ìṣaralóge, kí wọ́n bá yín ṣe ojú, kí ẹ sì ra ohun kan tàbí méjì lọ́wọ́ wọn. Ẹ lè ṣe é, ó sì lè dáa gan-an. Ohun tó ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ni pé wọ́n rò pé ọjà ni àwọn wá rà. Ohun tí ẹ ń fi owó yín wá níbẹ̀ ni àwọ̀ tó bá ara yín mu àti ọwọ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kùn ún. Tí àwọ̀ bá ti ṣì, kò sí bírọ́ọ̀ṣì tó lè tún un ṣe.

Ẹ má fi ọjọ́ ìnáwó ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú, láàárín ọ̀sẹ̀, láàárọ̀ nígbà tí èrò ò tíì pọ̀. Láti ọ̀sán Jímọ̀ títí di òwúrọ̀ Sátidé, àwọn ṣọ́ọ̀bù agbègbè Ọjà Ọba máa ń kún fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ aṣọ ẹbí, ẹni tó ń ṣe ojú ò sì ní ráyè dúró ti àwọ̀ yín bó ṣe yẹ. Ẹ lọ pẹ̀lú ojú tí ẹ ti fọ̀, láìfi àtíkè kùn ún.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ dúnàá dúrà tán. Ẹ bi wọ́n bóyá owó iṣẹ́ ọwọ́ dá dúró ni àbí wọ́n máa yọ ọ́ nínú ọjà tí ẹ bá rà. Ẹ bi wọ́n bóyá láàṣì, ìyẹn irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá, wà nínú rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ọ̀gá ló máa ṣe é àbí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn kì í gba owó ọwọ́ bí ọjà yín bá ti tó iye kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dárúkọ iye náà kí wọ́n tó ṣí ìgò kankan. Tí wọ́n bá ń sọ pé "ẹ ṣáà jókòó ná, a ó jọ sọ ọ́", ẹ wà lórí ìdúró. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kùn yín tán, ojú á tì yín láti dìde láìra ohun tí wọ́n bá kó síwájú yín.

Ní ti owó, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ọ̀nà márùn-ún jẹ́ ti fọndéṣọ̀n (ìpara aláwọ̀ ara tó ń bo ojú), méjì jẹ́ ti àtíkè, méjì jẹ́ ti ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é, ọ̀kan tó kù jẹ́ ti láàṣì àti gúlù rẹ̀. Ẹ lo ìtọ́tè àti péńsùlù tó wà nílé. Fọndéṣọ̀n àti àtíkè ló ń bo gbogbo ojú, àwọn ni fọ́tò sì ń kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá fọ́n owó rẹ̀ sórí ìtọ́tè mẹ́ta àti àpótí àwọ̀ ojú aláràbarà, èyíkéyìí tó bá kù ní ṣọ́ọ̀bù ló máa gbà ní fọndéṣọ̀n.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló wá jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín dán fọndéṣọ̀n wò. Oòrùn ti pa ẹ̀yìn ọwọ́, kò bá ojú dọ́gba. Ẹ ní kí wọ́n fa ìlà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ párì, níbi tí ojú ti pàdé ọrùn: àwọ̀ tí wọ́n rò pé ó bá yín mu, èyí tó fi díẹ̀ mọ́ jù ú lọ, àti èyí tó fi díẹ̀ dú jù ú lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdúró yẹn ṣe pàtàkì, torí pé bí fọndéṣọ̀n bá ti bá òróró ara àti afẹ́fẹ́ pàdé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn sí i tàbí kó pọ́n sí i. Èyí tó wọ ara wọ́ọ́rọ́ ní ìṣẹ́jú kìíní lè dà bí ara ẹlòmíì ní ìdajì wákàtí. Ẹ gba dígí kékeré lọ́wọ́ wọn, kí ẹ jáde síta, sí abẹ́ òjìji tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà. Gílóòbù ṣọ́ọ̀bù máa ń parọ́: èyí tó funfun máa ń jẹ́ kí ara rí bí èyí tó ti ṣá, èyí tó ní yẹ́lò sì máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ìlà tí ẹ kò bá rí mọ́ ní ìta, òun ni tiyín.

Yàtọ̀ sí dúdú àti pupa, ara kọ̀ọ̀kan tún ní ohun tó fà sí lábẹ́. Àwọn kan fà sí yẹ́lò, àwọn kan fà sí pupa, àwọn kan sì wà láàárín. Èèyàn méjì lè dú bákan náà, síbẹ̀ kí fọndéṣọ̀n ọ̀kan sọ ojú èkejì di aláwọ̀ eérú. Bí wọ́n bá ń fi nọ́ńbà MAC, ilé iṣẹ́ méékọ́ọ̀pù kan, ṣe òdiwọ̀n, ẹ mọ èyí: NC ni ti ara tó fà sí yẹ́lò, NW ni ti ara tó fà sí pupa. Bí wọ́n bá ní "45 ni yín", ẹ bi wọ́n pé NC àbí NW, torí àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan ò sì bá ti òmíràn mu, nítorí náà ẹ má ra ọjà nítorí nọ́ńbà tí ọ̀rẹ́ yín ń lò.

Bí ojú yín bá mọ́ ju ọrùn lọ, bóyá nítorí ìpara tí ẹ ti lò rí, ọrùn àti àyà ni kí ẹ bá ra fọndéṣọ̀n, kì í ṣe ojú. Ọrùn búláùsì léèsì máa ń ṣí sílẹ̀, fọ́tò ò sì ní fi ààlà yẹn pamọ́. Tí ẹni tó wà ní kántà bá wá gbé ìpara tó ń mú ojú mọ́ síwájú yín pé kí ẹ fi kún un, ẹ ní ẹ ò rà á. Àwọn ìpara alágbára yẹn máa ń sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ara á máa pọ́n, á máa ta, fọndéṣọ̀n ò sì ní jókòó dáadáa lórí rẹ̀ mọ́.

Nǹkan ẹlẹ́gbin ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù lẹ́yìn àwọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń dánrawò lórí kántà ti kan ojú èèyàn púpọ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ gba kí wọ́n fi bírọ́ọ̀ṣì inú ìgò máskárà (àwọ̀ dúdú tí wọ́n ń kùn sí irun ìpéǹpéjú) kan ìpéǹpéjú yín. Bírọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n á sì sọ nù ni kí wọ́n mú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni kí ó wọ inú ìgò. Ìtọ́tè, kí wọ́n fi tíṣù nu orí rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fọ́n sípíríìtì 70% sí i, kí ó gbẹ, kí wọ́n wá fi ọ̀pá kékeré họ ọ́ kùn yín. Péńsùlù, kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ. Fọndéṣọ̀n, kí wọ́n dà á sórí àwo kékeré tàbí ẹ̀yìn ọwọ́ tí wọ́n ti fọ̀, kí wọ́n má fi bírọ́ọ̀ṣì wọ inú rẹ̀. Ní ti fóòmù tí wọ́n fi ń tẹ fọndéṣọ̀n sójú, ẹ gbé tiyín lọ. Fóòmù kan tí wọ́n ń fi ojú gbogbo oníbàárà ṣe ló ń kó eéwo àti ojú pípọ́n kiri. Bí wọ́n bá bínú torí pé ẹ béèrè èyí, ẹ wá ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ.

Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa wo bí wọ́n ṣe ń tò ó, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é nílé lọ́jọ́ ìnáwó. Ìpara tó ń rọ ara ló ṣáájú, díẹ̀, kí ó wọra fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò gbọdọ̀ jẹ́ òrí tàbí Vaseline; ọ̀rá máa ń jẹ́ kí fọndéṣọ̀n yọ̀ bọ́, tí oòrùn bá dé, á kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ imú. Píráímà, ìyẹn ìpara tí wọ́n ń kùn sábẹ́ fọndéṣọ̀n, tẹ̀ lé e. Ibí ni nǹkan ti ń dàrú láìjẹ́ kí èèyàn mọ ìdí. Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn páálí, tí ẹ rí orúkọ tó parí sí "cone" tàbí "siloxane" láàárín àwọn orúkọ àkọ́kọ́, silikóònù ló wà nínú rẹ̀. Fọndéṣọ̀n tó jẹ́ ti omi kì í dì mọ́ píráímà silikóònù, á máa ká jọ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ ìka yín bí ìdọ̀tí ara. Kí àwọn méjèèjì jẹ́ irú kan náà, tàbí kí ẹ fo píráímà, owó rẹ̀ a sì dúró sápò.

Kí wọ́n ṣe irun òkè ojú àti àwọ̀ ìpéǹpéjú kí fọndéṣọ̀n tó dé, torí ìyẹ̀fun dúdú máa ń jábọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì rọrùn láti nù ún lójú tí wọn ò tíì kùn. Fọndéṣọ̀n tó ìwọ̀n ẹ̀wà méjì ti tó gbogbo ojú. Ẹ rin fóòmù sómi, ẹ fún un títí omi ò fi kán mọ́, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má fà á. Fífà ló ń fi ìlà sílẹ̀. Ẹ mú un dé etí, dé ìdí irun, kí ẹ sì mú èyí tó kù lára fóòmù sọ̀kalẹ̀ sọ́rùn. Àtíkè, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí iwájú orí, imú àti àgbọ̀n nìkan. Ní àkókò ọyẹ́, pàápàá fún àwọn ará Ẹ̀fọ̀n àti Ìkógòsí tí òkè ń mú òtútù wá bá, àtíkè tó pọ̀ máa ń sán lójú kó tó di ọ̀sán. Ní àkókò òjò, ẹ lè fi kún un.

Ẹ tún fi fóònù ya ojú yín kí ẹ tó dìde, pẹ̀lú iná fóònù ní títàn. Àwọn àtíkè funfun tí wọ́n fi silica ṣe, àti àwọn ohun ìkunra tó ní titanium dioxide tàbí zinc oxide púpọ̀, máa ń dá iná kámẹ́rà padà. Ojú á dára nínú dígí, á sì funfun báláú nínú fọ́tò.

Láàṣì, ẹ gbé e sórí ojú kí wọ́n tó fi gúlù sí i, kí ẹ sì gé èyí tó lé kúrò ní ìta ojú, kì í ṣe ní ìhà imú. Gúlù fẹ́lẹ́ ni, kí ó dúró bí ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n kó lè lẹ̀. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù, á yọ̀, gúlù á wọ ojú. Gúlù mìíràn ní látẹ́ẹ̀sì nínú, tó ń ṣe àwọn kan. Ẹ fi díẹ̀ sí inú apá ní ọjọ́ kan ṣáájú. Bí ó bá yún tàbí tó wú, ẹ fi láàṣì sílẹ̀, máskárà ti tó.

Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ sanwó, ẹ yẹ páálí wò: nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí ó máa bàjẹ́, àti àwòrán agolo kékeré tí ìdérí rẹ̀ ṣí tí wọ́n kọ 6M tàbí 12M sí. Iye oṣù tí ẹ lè lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i nìyẹn. Máskárà ò gbọdọ̀ pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ. Bí òróró bá ti dá dúró lórí fọndéṣọ̀n, tí ẹ mi ìgò náà tí kò pọ̀ mọ́ra, tàbí tó ń rùn bí epo tó ti gbó, ẹ dá a padà. Ọjà tuntun tí wọ́n lẹ̀ pa ni kí wọ́n fún yín, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi dán ojú yín wò.

Bí kántà bá ṣì wọ́n jù, ẹ wo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ méékọ́ọ̀pù ní ìtòsí EKSU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì) l'Adó tàbí FUOYE (Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀) l'Óyè. Wọ́n nílò ojú tí wọ́n máa fi ṣe àwòrán iṣẹ́ wọn, owó ọwọ́ wọn sì máa ń dín ju ti ọ̀gá lọ. Fọndéṣọ̀n tiyín ni kí ẹ gbé lọ.

Lọ́jọ́ ìdána, ẹ fi wákàtí kan àti ààbọ̀ sílẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tó ní bọ́tìnnì níwájú kí ẹ tó kun ojú, kí ẹ má baà fi búláùsì nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Ojú tán kí gèlè tó dé orí; bí wọ́n bá wé gèlè tán, ẹ tún fi fóòmù tẹ iwájú orí lábẹ́ etí gèlè, torí ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ṣí. Bí ẹ bá làágùn, ẹ tẹ tíṣù sí i, ẹ gbé e kúrò, ẹ má nù ún, kí ẹ tó fi àtíkè díẹ̀ kún un. Lálẹ́, òróró díẹ̀ lórí òwú ni kí ẹ fi yọ ọ́ kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú. Ẹ fọ fóòmù náà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà, torí tí ó bá wà nínú àpò ní tútù, á bu.