Ṣé ilẹ̀ Jámánì ni orin ti ṣẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ilé o. Manchester ni mo ń gbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 9, ti ilé ìwé dé, ó ní wọ́n kọ́ àwọn pé Jámánì ni orin ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá bi mí pé kí ni orin gan-an, ẹnu mi sì wọhò. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, mà. Mo ń tọ́ mẹ́ta ní Houston níbí, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Ó jọ pé fèrè ni olùkọ́ wọn ní lọ́kàn. Ní ọdún 2008, àwọn awalẹ̀pìtàn rí fèrè kan tí wọ́n fi egungun apá igún ṣe, tí ó ní ihò márùn-ún, nínú ihò àpáta Hohle Fels ní gúúsù Jámánì, ó sì ti lé ní 35,000 ọdún. Ṣùgbọ́n pé a rí fèrè níbẹ̀ kò sọ ọ́ di ibi tí orin ti ṣẹ̀. Egungun a máa pẹ́ nínú ilẹ̀. Igi a máa jẹrà, ikán a sì máa jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àtẹ́wọ́ àti ohùn ẹnu, tí èmi gbà pé wọ́n ṣáájú fèrè, kì í fi ipa kankan sílẹ̀.

Ní ti ohun tí orin jẹ́, ìlù dùndún yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún un ju ìwé lọ. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí gúdúgúdú, ìlù kékeré tí wọ́n ń fi awọ méjì tí a lọ́ bí ọ̀pá lù: kì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń dún léraléra láìyẹsẹ̀ ni ẹsẹ̀ oníjó fi ń mọ ibi tí yóò bọ́ sí. Kí ó wá gbọ́ ìyáàlù. Bí onílù bá fún ọṣán rẹ̀ mọ́ra, awọ ojú ìlù a le, ohùn a sì lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Ẹ ní kí ó pe ọkọ̀, ọkọ àti ọkọ́ tẹ̀léra, yóò rí i pé ẹnu òun náà ń ṣe ohun tí ìlù ń ṣe (àwọn tèmi rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ tí a dán an wò). Ṣaworo tí ó wà lára ìlù náà yóò fi hàn án pé dídún irin yàtọ̀ sí ti awọ. Lílé àti gbígbè ni ó kù, ìyẹn kò sì gba àlàyé: ẹ lé orin nínú ilé ìdáná, kí ó máa gbè é.