Omi tó ń dúró lábẹ́ koríko onírọ́bà lórí ilẹ̀ amọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè láti Àpáta, n'Ìbàdàn, nípa ẹ̀yìnkùlé yín, tẹ́ ẹ ní yanrìn pílásítà ni bíríkìlà fọ́n sórí amọ̀ kó tó tẹ́ koríko onírọ́bà, pé omi ń dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn òjò, ó sì ti ń rùn: ẹ má tíì bínú sí ẹni tó ta koríko. Ihò wà lẹ́yìn koríko náà, omi ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìgbà tó bá délẹ̀ tán ni kì í ríbi lọ. Amọ̀ la fi ń mọ ìkòkò. Ohun tó ń mú kí ìkòkò gba omi dúró náà ló ń ṣe ẹ̀yìnkùlé yín. Yanrìn pílásítà wá kún un, torí ó kúnná, ó ń fa omi mọ́ra bíi fóòmù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò omi ọ̀hún ná. Ká ní àyè yín jẹ́ mítà 6 sí mítà 5. Bí òjò ńlá kan bá rọ mílímítà 50, lítà 1,500 ló bọ́ síbẹ̀, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 60. Òrùlé tó bá jẹ́ mítà 10 níbùú lóòró á gba kẹ́ẹ̀gì 200 nínú òjò kan náà. Bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé yín bá ń dà sí ẹ̀yìnkùlé, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi páìpù darí síbòmíràn. Àìmọye èèyàn ló ń hú koríko nígbà tó jẹ́ pé òrùlé ló yẹ kí wọ́n tún ṣe.

Ẹnìkan á ní kẹ́ ẹ gbẹ́ sọ́kàwéè, ìyẹn kòtò olókùúta tí omi á ti máa fà wọlẹ̀. Ẹ dán ilẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó náwó: ẹ gbẹ́ ihò tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1 níbùú, lóòró àti ní jíjìn, ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kẹ́ ẹ tún pọn òmíràn sí i. Bí omi kejì kò bá fà tó ínṣì 1 ní wákàtí kan, ẹ gbàgbé sọ́kàwéè. Kòtò mítà 1 níbùú, lóòró àti ní jíjìn, tí wọ́n kó òkúta kún, kì í gbà ju bíi lítà 400 lọ, torí òkúta ti gba ìyókù. Kẹ́ẹ̀gì 16 nìyẹn, ẹ sì ní 60 nílẹ̀. Gọ́tà àdúgbò ni kí omi yín máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n: ìdí gọ́tà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹnu páìpù tí yóò gbé omi yín jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi gọ́tà ni yóò máa wọlé wá bá yín. Bí pàǹtírí bá ti dí i, ẹ kó o kúrò ná. Ìbàdàn kò tíì gbàgbé Omíyalé 1980, ìgbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya.

Ẹ ká koríko, ẹ kó gbogbo yanrìn náà dànù, kẹ́ ẹ gbẹ́ amọ̀ lọ sísàlẹ̀ ní ínṣì 5 sí 6. Amọ̀ fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kì í ṣe òkúta orí rẹ̀. Rọ́bà olómi tí bíríkìlà fi ń wọn ìpele ti tó: láti ẹ̀gbẹ́ ilé dé ìsàlẹ̀, mítà 5, ẹ jẹ́ kó fi ínṣì 3 rẹlẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ gbẹ́ kòtò gbọọrọ, ẹsẹ̀ bàtà 1 ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ ní jíjìn. Ẹ tẹ́ aṣọ geotextile (aṣọ tí omi ń gbà kọjá, tí ẹrẹ̀ kì í gbà kọjá) sínú rẹ̀, ẹ da gíráníìtì ínṣì 2 sí i, kẹ́ ẹ gbé páìpù ínṣì 4 tó máa lọ sí gọ́tà lé e, tẹ́ ẹ ti fi dírílì lu ihò ọ̀nà méjì sí. Ihò á kọjú sísàlẹ̀. Ó ń ya àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ni omi ti ń kún inú kòtò; bí ihò bá wà lókè, ìdajì kòtò á kún kí omi tó ráyè wọlé. Ẹ da òkúta bò ó, kẹ́ ẹ ká aṣọ náà padé lórí rẹ̀.

Lórí amọ̀ tó kù, aṣọ geotextile, lẹ́yìn náà gíráníìtì ínṣì 4 tẹ́ ẹ fi compactor (ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ mọ́ra) tẹ̀ ní ìpele méjì, lẹ́yìn náà òkúta wẹ́wẹ́ ínṣì 1 kí ojú rẹ̀ lè dán. Fún àyè yín, tọ́ọ̀nù 6 àbọ̀ gíráníìtì (ti kòtò wà nínú rẹ̀) àti tọ́ọ̀nù kan lé díẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi stone dust, ìyẹn ẹ̀tù òkúta, nìkan rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Tó bá ti tẹ̀ mọ́ra, ó ń le bíi kọnkéré, omi ò ní gbà á kọjá mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má fi nọ́ọ̀lọ̀nù tàbí tapólì rọ́pò aṣọ náà. Àwo ni ẹ ń ṣe yẹn.

Síbẹ̀, bíríkìlà lè fi kọnkéré etí bà á jẹ́. Wọ́n fẹ́ràn láti mọ ọ́n yí ká kí koríko má bàa ṣí. Ní ìsàlẹ̀, ẹ má mọ ọ́n rárá, tàbí kẹ́ ẹ ki páìpù ínṣì 1 sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan.

Láàárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì ni kẹ́ ẹ ṣe é. Amọ̀ tó bá tutù máa ń rọ̀ lábẹ́ compactor, ó sì ń rú sókè láàárín òkúta. Kẹ́ ẹ tó tẹ́ koríko padà, ẹ da kẹ́ẹ̀gì omi 20 sí apá òkè. Bí omi kò bá ṣàn jáde lẹ́nu páìpù, iṣẹ́ kò tíì parí, ẹ má tẹ́ nǹkan kan.