Ṣé kí n gbé ilé iṣẹ́ mi fún alágbàtà tà?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ta ilé iṣẹ́ kékeré tí mo dá sílẹ̀. Alágbàtà kan ní òun á bá mi wá ẹni tó máa rà á, pé 10% ni kọmíṣọ̀n òun. Máníjà mi náà sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé òun lè rà á. Ṣé kí n gbà fún alágbàtà yìí?

Ìdáhùn: 10% yẹn kò yà mí lẹ́nu. Láàárín 8% sí 12% ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà lórí okòwò kékeré, ó sì máa ń wálẹ̀ bí okòwò bá ṣe tóbi sí. Ìwé àdéhùn tó máa ní kí ẹ fọwọ́ sí gan-an ni kí ẹ tẹjú mọ́.

Ọ̀rọ̀ máníjà ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Alágbàtà sábà máa ń fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni yóò máa tà á, fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i báyìí, tí máníjà yín wá rà á lóṣù tó ń bọ̀, kọmíṣọ̀n dọ́rùn yín nìyẹn. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ máníjà sínú àdéhùn pé kò sí kọmíṣọ̀n lórí tiẹ̀. Àmọ́ ẹ bi òun náà o: owó dà? Ọ̀pọ̀ ló ń wu òṣìṣẹ́ láti ra ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ti owó ló máa ń kù.

Ẹ tún wo orí iye tí wọ́n máa ti yọ kọmíṣọ̀n. Ká ní ẹ tà á ní 1,000,000, tí ẹni tó rà á san 600,000 lójú ẹsẹ̀, tó ní òun á máa san ìyókù fún ọdún mẹ́ta. Bí àdéhùn bá sọ pé gbogbo iye ni, alágbàtà á yọ 100,000 tirẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdá kan nínú mẹ́fà owó tó wọlé fún yín. Bí ẹni náà ò bá wá san ìyókù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé bí owó bá ṣe ń wọlé ni kọmíṣọ̀n á máa jáde.

Ohun tí èmi á torí ẹ̀ sanwó fún alágbàtà ni àṣírí. Ó máa polówó ọjà láì dárúkọ yín, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ á kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní sọ síta, á tún fi hàn pé òun lówó lọ́wọ́. Bí ẹ bá fúnra yín kéde, òṣìṣẹ́ á ti máa wáṣẹ́ síbòmíì, àwọn tó ń kó ọjà wá fún yín ní àwìn á ní owó lọ́wọ́ làwọn fẹ́, kí ẹni tó máa rà á tó yọjú rárá.

Bí alágbàtà bá dá iye gọbọi lé ilé iṣẹ́ yín, ẹ ní kó fi ìṣirò èrè ọdún mẹ́ta ṣàlàyé bó ṣe rí i. Àwọn kan ń pe iye ńlá kí ẹ lè tètè fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó wá máa ní kí ẹ dínwó.

Bí máníjà bá wá mú ẹ̀rí owó wá, ẹ ò nílò alágbàtà mọ́. Ẹ wá ẹni tó máa díye lé ilé iṣẹ́ náà, lọ́yà, àti oníṣirò owó tó máa sọ ohun tí owó orí máa mú lọ. Iye pàtó ni kí ẹ bá wọn ṣe, kì í ṣe ìdá kan nínú owó títà.