Iná ló ń pa kọ̀ǹpútà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀

Ẹ ǹlẹ́ o. Mo rí àkọsílẹ̀ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà láti fi to kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ó máa fi gé fídíò òde: Core i9 (processor Intel, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà), kúlà olómi tó ń mú un tutù, motherboard Z790 (bọ́ọ̀dù tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́), RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) tó ń tan iná aláràbarà, SSD PCIe 5.0 (ibi tí fáìlì ń gbé), kéèsì tó jẹ́ gíláàsì níwájú. Nígbà tó kan power supply, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo wọn, ẹ ní "èyí tó bá ti bá kéèsì wá náà ti tó." Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Ìbàdàn ni mo wà, kọ̀ǹpútà àwọn onífídíò ni mò ń tò, mo sì ń tún un ṣe. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n ń gbé wá fún mi pé ó kú, power supply tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ló pa púpọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú àwọn tó ń bá kéèsì wá yẹn. Wọ́n á kọ 500W gàdàgbà sí i lára. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ wo ẹnu ibi tí iná ń gbà wọlé: wọ́n ti ya àmì sí bọ́ọ̀dù níbi tó yẹ kí kọ́ìlì tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú iná wà, ṣùgbọ́n kò sí kọ́ìlì níbẹ̀, wáyà pẹ́ńpẹ́ kan ni wọ́n fi so ihò méjèèjì pọ̀. Kapásítọ̀ á ti wú lórí, omi inú rẹ̀ á ti jò, á ti gbẹ mọ́ bọ́ọ̀dù. Mo ti bá èyí tí wọ́n de irin lásán mọ́ inú rẹ̀ kó lè wúwo lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á. Ẹni tó ronú kan ìyẹn, olè ọ̀jọ̀gbọ́n ni.

Iná tiwa náà kì í ṣe iná tó ṣe é fọkàn tán. 230V ló yẹ kó jẹ́. Ládùúgbò mi, tó bá di alẹ́ tí gbogbo ilé ń lo iná, mítà á máa ka 160. Tó bá di ọ̀gànjọ́, á ti gun 250. Ẹ ka ara power supply kẹ́ ẹ tó sanwó: èyí tí wọ́n kọ 100–240V sí lára á gba ti alẹ́ yẹn mọ́ra, èyí tí wọ́n kọ 200–240V sí á kàn máa kú, á máa jí. Ẹ má sì jẹ́ kí àmì 80 PLUS tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn lára tàn yín jẹ. Bó ṣe ń lo iná láìfi ṣòfò ni Bronze àti Gold tó wà lára àmì yẹn ń sọ, kò sọ pé ó máa dáàbò bo ohunkóhun. Àwọn tẹ́ ẹ máa wá ni OVP, OCP àti SCP, ìyẹn ààbò tó ń pa á fúnra rẹ̀ tí nǹkan bá ti yíwọ́, kó tó ran motherboard.

Oníbàárà mi kan, wọ́n mú iná dé lọ́sàn-án Sátidé, power supply rẹ̀ dún gbàù, ó sì kó motherboard àti SSD lọ. Fídíò ìgbéyàwó tí kò tíì fún ọkọ àti ìyàwó ló wà lórí SSD yẹn. Owó motherboard kọ́ ló ń dùn ún.

UPS, bátìrì tó ń gba iṣẹ́ tí iná bá lọ, ń kọ́? Ẹ rà á, èyí tó ní AVR nínú, ìyẹn ohun tó ń gbé iná tó bá wálẹ̀ ró, tó sì ń rẹ èyí tó bá ga sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń bú UPS pé iná lọ, kọ̀ǹpútà sì kú síbẹ̀. UPS tí kì í ṣe olówó gọbọi máa ń lo bíi 4 sí 10 mílísẹ́kọ́ǹdù kó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná. Power supply tó bá ATX mu, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe power supply, lè fara dà á láìsí iná fún bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 16. Èyí tó bá kéèsì wá ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀, òun ni ẹ bá wí.

Ẹ jẹ́ ká wá yọ owó níbi tó pọ̀ sí. Core i9 kọ́kọ́. Ní 2024, Intel fúnra wọn jẹ́wọ́ pé fóltéèjì tó ga jù ń ba àwọn processor ìran 13 àti 14 kan jẹ́. Wọ́n fi àtúnṣe sí BIOS (ètò orí motherboard tó ń jí kọ̀ǹpútà), wọ́n sì fi ọdún méjì kún wáráǹtì, ṣùgbọ́n àtúnṣe ò lè jí èyí tó ti bàjẹ́. Tó bá jẹ́ tokunbo lẹ rà, ta lẹ máa bá gba wáráǹtì? Core i7-12700 lórí motherboard B760 á gé fídíò yín dáadáa. Ẹ ṣáà má ra èyí tó ní F lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Ẹ ní kámẹ́rà yín ń ya HEVC 10-bit 4:2:2, irú fídíò tó ní àwọ̀ púpọ̀, tó sì le fún kọ̀ǹpútà láti ṣí. Quick Sync, ẹ̀yà tó ń ṣí fídíò nínú processor Intel, láti ìran 11 ló ń ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, káàdì àwòrán RTX 30 àti 40 ò lè ṣe é. Èyí tó ní F ò ní Quick Sync rárá. Owó táṣẹ́rẹ́ lẹ máa fi dín kù, ẹ ó wá máa wo fídíò tó ń fà.

Kúlà olómi, ẹ fi sílẹ̀. Tí pọ́ǹpù rẹ̀ bá kú, ó parí nìyẹn. Ti afẹ́fẹ́, fáànù nìkan ló lè bàjẹ́ níbẹ̀, ẹ ó sì rí òmíràn rà ní Computer Village.

Gíláàsì iwájú yẹn ń dí atẹ́gùn. Ẹ wá kéèsì tó jẹ́ àwọ̀n níwájú, tó ní ajọ̀ eruku tó ṣe é yọ fọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí fáànù tó ń fa atẹ́gùn wọlé pọ̀ ju èyí tó ń lé e jáde lọ, kí eruku má máa gba gbogbo ihò wọlé. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa máa ń bo ẹnu kúlà bíi aṣọ òkè. Tẹ́ ẹ bá ń fi blower fẹ́ ẹ, ẹ fi ìka di fáànù mú kó má yí. Eré tí blower ń lé e sá máa ń ba ọ̀pá àárín rẹ̀ jẹ́.

RAM ṣekárími yẹn, iná rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ ra 16GB méjì dípò 32GB kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì tan XMP nínú BIOS, òun ló ń jẹ́ kí RAM sáré tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí i lára. Mo ti gba kọ̀ǹpútà tí ọ̀gá rẹ̀ ra RAM DDR4 3200, tó sì jẹ́ 2133 ló ń sáré látìgbà tó ti rà á. SSD PCIe 3.0 tàbí 4.0 ti tó; ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí 5.0 tẹ́ ẹ bá ń gé fídíò.

Ẹ ní monitor àtijọ́ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé òun lẹ fẹ́ fi tún àwọ̀ ojú ìyàwó ṣe? Owó i9 tó kù, ẹ fi ra monitor IPS (irú ojú tó ń fi àwọ̀ hàn dáadáa) tó lè fi gbogbo àwọ̀ inú sRGB hàn, ìyẹn àkójọ àwọ̀ tí wọ́n ń lò lórí ayélujára. Kẹ́ ẹ tó san owó power supply, ẹ ya àwòrán ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára ránṣẹ́, màá bá yín kà á.