Abẹ́rẹ́ ní 100, fóònù ní 93: èwo ni ká gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọkọ̀ tókunbọ̀ tí wọ́n kó wọlé láti Jámánì ni mò ń wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó lórí títì márosẹ̀, abẹ́rẹ́ mítà tó ń sọ eré ọkọ̀ mi dúró lórí kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n fóònù tí ìyàwó mi fi ń wo ọ̀nà ń kọ 93. Mo lọ bá rẹ́wáyà kan, ó ní mítà náà ti bàjẹ́, kí n mú owó wá ká ra òmíràn. Ṣé òótọ́ ni? Èwo gan-an ni kí n gbà nínú méjèèjì?

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Ẹ má tíì san owó yẹn. Gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi yìí, kò sí èyí tó fi hàn pé mítà yín bàjẹ́. Àbùmọ́ wà nínú rẹ̀, àwọn tó ṣe é ló sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀.

Òfin ló fà á. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní òfin kan lórí mítà ọkọ̀, Òfin 39, tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń tẹ̀ lé. Ó ní mítà kò gbọdọ̀ sọ eré tó kéré sí èyí tí ọkọ̀ ń sá, ì báà ṣe bíńtín. Ó lè bù mọ́ ọn, àmọ́ àbùmọ́ náà kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá eré gidi lọ, pẹ̀lú kìlómítà 4 lórí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sá 100 gidi, abẹ́rẹ́ lè wà níbikíbi láti 100 títí dé 114, kò gbọdọ̀ sọ 99. Ẹ bá mi ṣírò tiyín: ìdá kan nínú mẹ́wàá 93 jẹ́ 9.3, ẹ fi 4 lé e, ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ 93, ó di 106.3. Abẹ́rẹ́ yín tó sọ 100 kò tíì sún mọ́ ààlà.

Ẹ lè ní kí ló dé tí wọn kò ṣe é kó bá a mu rẹ́gí. Táyà ni kò jẹ́. Mítà kò rí ojú ọ̀nà. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí ló ń kà, ó wá ń fi ìwọ̀n táyà tí wọ́n ti kọ́ ọ ṣírò eré. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, wáyà kan ló ń yí láti ara gíà wá sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ń yí òòfà kékeré kan nínú ife alumíníọ̀mù, òòfà náà kò fara kan ife rárá, síbẹ̀ ó ń wọ́ ọ tẹ̀ lé ara rẹ̀, sípíríńgì tín-ín-rín kan sì ń fà á padà. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti gbà fún ara wọn ni abẹ́rẹ́ ń dúró sí. Otto Schulze ló gbàwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yẹn ní Berlin ní 1902. Mo ṣì ń rí irú rẹ̀ lára àwọn ọkọ̀ àgbà. Bí gírísì inú wáyà bá ti gbẹ, abẹ́rẹ́ á máa gbọ̀n bí ẹni tí otútù mú. Sẹ́ńsọ̀ ló wà lára ọkọ̀ òde òní, lára gíà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, àmọ́ iye yíyí náà ló ṣì ń kà.

Táyà wá rèé, kì í dúró lójú kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ tiyín, ẹ ó rí nǹkan bíi 195/65R15. 195 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 65 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, 15 ni rímù ní íńṣì. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ táyà yẹn jẹ́ mìlímítà 634. Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ fi ẹfun fa ilà sísàlẹ̀ táyà àti sórí ilẹ̀, kí wọ́n ti ọkọ̀ títí ilà yẹn yóò fi tún kanlẹ̀, kí ẹ wá wọn ilẹ̀ tó rìn. Ìṣirò á sọ mítà 1.99, tiyín á dín díẹ̀, nítorí ẹrù ọkọ̀ ti tẹ táyà mọ́lẹ̀.

Eyín táyà tuntun máa ń jìn tó mìlímítà 8. Tó bá jẹ títí ó fi ku 1.6, táyà náà ti fi bíi mìlímítà 13 kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn ìdá 2 nínú 100. Táyà tó kéré ní láti yí lọ́pọ̀ ìgbà sí i kó tó rin kìlómítà kan, abẹ́rẹ́ á sì tún gòkè díẹ̀. Èyí ò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ìdàkejì rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Oníbàárà mi kan gbé jíìpù wá, 225/70R16 ló bá a wá, wọ́n wá fi 265/70R16 sí i kó lè ga lójú kòtò. Táyà tuntun yẹn fi ìdá 8 nínú 100 tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. A jọ gbé e jáde: abẹ́rẹ́ wà lórí 100, fóònù mi ń kọ 104. Ọkùnrin náà rò pé òun kò kọjá 100 tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí títì márosẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti kọjá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fi táyà tó tóbi sọ́kọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ wọ̀n ọ́n wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé mítà.

Ẹ̀yin tó ń wa tókunbọ̀ Amẹ́ríkà, máìlì ni nọ́ńbà ńláńlá ojú mítà yín, kìlómítà ni àwọn wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti jókòó ti awakọ̀ tó ní òun ń sá 50 láàárín ìlú gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe sọ. 50 máìlì! Kìlómítà 80 nìyẹn, láàárín àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀.

Ní ti fóònù, sátẹ́láìtì ló ń lò, kò sóhun tó kàn án pẹ̀lú táyà. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú tó sì tọ́, tí ẹ bá di eré kan mú fún bí ìṣẹ́jú kan, ohun tó sọ sún mọ́ òótọ́ ju ti abẹ́rẹ́ lọ. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí ẹ ń já búrẹ́ẹ̀kì, ó máa ń pẹ́ kó tó bá yín. Lábẹ́ afárá, ó lè sọnù. Kí ẹlòmíràn máa wò ó o, kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ di sítíárì mú. Níbi tí òkúta kìlómítà bá wà, ẹ tún lè lo aago: ẹni tó bá ń sá 100 gidi yóò rin kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá 36, ẹni tó ń sá 60 yóò rìn ín ní 60.

Mítà tó bàjẹ́ lóòótọ́ máa ń fara hàn. Abẹ́rẹ́ á máa fò, tàbí kó ṣubú sórí òdo nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, tàbí kí iná ABS, ti búrẹ́ẹ̀kì, tàn pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí gíà ọ̀tọ́mátíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pẹ̀lú agbára. Kódà nígbà yẹn, sẹ́ńsọ̀ àti wáyà rẹ̀ ni kí rẹ́wáyà kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mítà tókunbọ̀ tí wọ́n fẹ́ rà fún yín, iye kìlómítà tí ọkọ̀ ẹlòmíràn ti rìn ló máa gbé wọlé, ó sì lè jẹ́ táyà mìíràn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nínú àwọn ọkọ̀ Jámánì kan, inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n so ohun tó ń dènà olè mọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tán, ọkọ̀ kọ̀ láti dáná.

Èyí tí ẹ bi mí wá: 93 ló sún mọ́ eré tí ẹ ń sá lọ́jọ́ náà, àmọ́ abẹ́rẹ́ ni kí ẹ máa fi wakọ̀. Ẹ kàn lọ wo nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà yín, kí ẹ fi wé èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí ẹ̀yìn ìdérí epo. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ẹ fi mítà yín sílẹ̀ bó ṣe wà.